Ọ̀rọ̀ Ẹnu Fẹ̀hìntọlá

Bartholomew kò ní ibi lọ́kàn nígbà tó rẹ́rìn-ín. Ègùn ará Àgbádárìgì ni, òkúta sàréè ló ń gbẹ́ ní Owódé Onírin, láàrin àwọn tó ń ta irin àlòkù. Ó gba bébà lọ́wọ́ Bàbá Ọláìyá, ó kà á, ó tún un kà, eyín rẹ̀ sì yọ láàrin lẹ́búlẹ́bú òkúta tó bo ojú rẹ̀.

"Ah, Bàbá! Ọ̀rọ̀ Fẹ̀hìntọlá lẹ fẹ́ ká gbẹ́ sórí sàréè Mummy?"

"Fẹ̀hìntọlá wo?"

"Fẹ̀hìntọlá Ẹlẹ́ja! Ti inú fíìmù. Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ó wà lẹ́yìn Márúwá, ó wà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Èmi alára, tí kọ́sítọ́mà bá ní òun ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ tó wá yọjú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tí mo máa ń sọ fún un nìyẹn." Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó yí ohùn padà bí obìnrin. "Ẹni tí mò ń retí kò pẹ́, èmi ni mo tètè dé."

Bàbá Ọláìyá nawọ́ gba bébà rẹ̀ padà. Kì í ṣe ẹni tí í pariwo. Ó ká a, ó tì í bọ àpò, ó ní òun ń padà bọ̀, ó sì jáde sínú oòrùn.

Láti ìgbà tí Àpínkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kú, ayé kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lójú kan mọ́ fún un. Títì Ketu a máa rí bí ohun tí èèyàn ń wò láti ìsàlẹ̀ omi. Àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ẹnu wọn ń mì, ohùn wọn a sì pẹ́ kó tó kàn án lára. Ó lè jókòó sórí àga ní ọ̀sán, kó gbọ́ ìró abọ́ ní ilé ìdáná, kó fẹ́ béèrè pé kí ló tún ń fọ̀, kó tó rántí. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Káfíńtà ni kí orúnkún tó ní ó tó. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wọn pákó kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun ń gbọ́ ohun tí kò sí.

Márúwá tó wọ̀ délé dúró ní ìyànà Ìkòsí, òmíràn sì wà níwájú wọn. Ara ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti rí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n lẹ àwòrán obìnrin kan mọ́ ọn, ó gbé agbọ̀n ẹja sórí, omi lọ salalu lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ agbọ̀n, wọ́n fi àwọ̀ ìyeyè kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Fẹ̀hìntọlá Ẹlẹ́ja ló sọ ọ́. Bàbá Ọláìyá tẹjú mọ́ ọn títí Márúwá náà fi yà. Ó ti pẹ́ tó ti ń rìn ní òpópónà yìí, kò sì ka ohun tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn ọkọ̀ rí. Ìranù ló kà á sí.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀rín Bartholomew. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ìdí iṣẹ́ dé, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí oúnjẹ ti tutù, Àpínkẹ́ kì í bínú. Á wà lórí àpótí níwájú ilé, á gbójú sókè wò ó, á ní, "Ẹni tí mò ń retí kò pẹ́, èmi ni mo tètè dé." Ó tán. Á dìde, á lọ gbé omi sí i. Bàbá Ọláìyá kì í dáhùn ju "Hùn-ún" lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kò tẹ́tí sí i. Aṣọ obìnrin náà ti di ti àwọn àbúrò rẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni bàbá náà rò pé ó jẹ́ tòun, tí kò sí ẹni tó lè bá òun pín in. Bó bá wá jẹ́ pé inú fíìmù ni ìyàwó rẹ̀ ti mú un, a jẹ́ pé obìnrin kan tí kò tilẹ̀ sí láyé rí ló ń kí i káàbọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Joanna, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Anthony, wá kí i lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Bàbá náà bi í bóyá ó mọ Fẹ̀hìntọlá Ẹlẹ́ja.

"Daddy! Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

"Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ máa ń sọ?"

Joanna rọra gbé abọ́ tó ń kó kalẹ̀. "Mo rò pé ẹ̀yin náà mọ̀. Mo rò pé eré ẹ̀yin méjèèjì ni. Ìdí tí mo fi ní ká kọ ẹsẹ Bíbélì nìyẹn, Daddy. Àyájọ́ ọdún kan ti sún mọ́lé, gbogbo ìjọ ló ń bọ̀. Ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n dé ibi sàréè Mummy kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín."

"Ẹsẹ wo?"

"Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́."

"Kò sí èyí tó sọ fún mi rí nínú wọn," ni bàbá náà wí. Ó dìde, ó lọ ṣí fèrèsé tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kó jẹ́ pé òun gan-an ló mọ Fẹ̀hìntọlá ju gbogbo èèyàn lọ, nítorí ọwọ́ fíìmù ni wọ́n fi ń jẹun nígbà kan. Àpínkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fíìmù ní Ìkòsí, nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà lóde. Ó ń yá wọn fún èèyàn, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì, àwọn ọlọ́jà Mile 12 á wá jókòó, àwọn aláàárù á wá, àwọn awakọ̀ tírélà tó ń dúró kí wọ́n já ẹrù wọn náà á wá. Bàbá Ọláìyá ló kan bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jókòó lé. Kò jókòó lé e rí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá lè jókòó máa sunkún nítorí ẹni tí wọ́n kun àtíkè fún, ìyà gidi ò tíì jẹ ẹ́. Nígbà tí fóònù wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Àpínkẹ́, ó pín kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ kò bi í pé kí ló wà nínú wọn.

Ní ọjọ́ Monday, ó wọ bàtà rẹ̀, ó gba Mile 12 lọ. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Èéfín funfun ń jáde lára títì, òórùn tòmátì tó ti ń rà sì dàpọ̀ mọ́ òórùn ata tútù, ó gba gbogbo afẹ́fẹ́. Muideen ní kọ́ńténà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ibẹ̀ ló ti ń tún fóònù ṣe, tó sì ń kó orin àti fíìmù sórí fóònù fún àwọn èèyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù Àpínkẹ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hu funfun báyìí.

"Daddy wa! Ẹ káàsán, sà. Ẹ jókòó. Ṣé fóònù yín tún kú ni?"

"Fíìmù ni mo wá wò."

Muideen wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì, bí ẹni tó ń wá ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin? Daddy? Fíìmù?"

"Fẹ̀hìntọlá Ẹlẹ́ja."

"Ọlọ́run má ṣe é ní ìkẹyìn ayé." Ṣùgbọ́n ó ti ń wá a kó tó sọ̀rọ̀ náà tán. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí àpótí, ó fa kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà kí oòrùn má bàa mú àwòrán náà ṣókùnkùn.

Fíìmù náà ti ṣá. Ó ń gbọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí òjìji lójú omi, ohùn àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Fẹ̀hìntọlá ń ta ẹja ní etí ọ̀sà. Ọkọ rẹ̀ tu ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ kan nínú kurukuru, kò padà. Wọ́n wá a tì. Wọ́n ní kí obìnrin náà lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ó kọ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, yóò to ẹja tí kò tà sínú agbọ̀n, yóò jókòó sétí omi. Irun rẹ̀ ń funfun. Omi ń wá, omi ń padà.

Bàbá Ọláìyá kò mọ ìgbà tó gbàgbé pé òun wà nínú kọ́ńténà. Ó dà bíi pé ọwọ́ òun gan-an wà nínú omi náà, pé ó tutù. Ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn obìnrin náà, ó ń retí kó yíjú padà, ó sì ń bẹ̀rù ojú tí yóò rí.

"Ó ti kù díẹ̀, Daddy," ni Muideen sọ wẹ́lẹ́. "Ẹ tẹ́tí báyìí."

Ọkọ̀ kan yọ nínú kurukuru. Ó gúnlẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Mo pẹ́." Ètè Muideen ti ń mì, ó ti fẹ́ bá Fẹ̀hìntọlá sọ ọ́. Fẹ̀hìntọlá gbójú sókè. Ó wo ọkùnrin náà títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ lé orí, ó yí padà sí ọ̀nà ilé, ọkùnrin náà sì tẹ̀ lé e. Orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Kò sọ nǹkan kan.

"Rárá o," ni Muideen wí. Ó dá a padà. Wọ́n tún wò ó. Obìnrin náà tún gbé agbọ̀n, ó tún lọ. "Wọ́n ti gé e! Àwọn tó gbé e sórí fóònù ti gé ibẹ̀, Daddy. Ẹ jẹ́ n wá òmíràn." Ó wá òmíràn, àti òmíràn tó mọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú gbogbo wọn, agbọ̀n ni Fẹ̀hìntọlá gbé, ẹnu rẹ̀ sì pa dé.

"Mo gbọ́ ọ!" Muideen lu àyà. "Pẹ̀lú etí tèmi yìí. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́ fún yín."

"Níbo lo ti gbọ́ ọ?" Bàbá Ọláìyá béèrè.

"Ní ṣọ́ọ̀bù Mummy."

"O wo fíìmù náà parí níbẹ̀?"

Muideen yíjú sí kọ̀ǹpútà náà. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó jí lójú oorun.

"Light, Daddy," ló wí nígbẹ̀yìn. "Light kì í jẹ́ kó parí."

Ó wá ṣàlàyé ohun tí gbogbo ọjà mọ̀ tí bàbá náà nìkan kò mọ̀. Nígbà náà, bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí ni iná máa ń lọ, fíìmù á sì kú lójú gbogbo èèyàn. Ọlọ́jà tó ti sanwó kò ní dìde, awakọ̀ kò ní dìde. Àpínkẹ́ á tan làńtánì, á dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ti dúdú, á sì máa bá fíìmù náà lọ láti ibi tí iná gbé bá a. Á ṣe ọkùnrin, á ṣe obìnrin, á ṣe ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀, á ṣe ajá tó ń gbó. Ọmọ ìyá kan náà ni fíìmù àti tirẹ̀ lójú wọn. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ kí iná padà mọ́, bó bá dé lójijì, wọ́n á pariwo pé, "Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí Ìyá Joanna parí ẹ̀!"

"Àbí kò yẹ kí n mú yín lọ sọ́dọ̀ Alhaja?" ni Muideen wí. "Alhaja ò pa ọjọ́ kan jẹ."

Alhaja Rasheedat ń ta ata rodo, ó jókòó láàrin apẹ̀rẹ̀ bí ọba láàrin ìjòyè. Bó ti rí Bàbá Ọláìyá lókèèrè ló ti pàtẹ́wọ́.

"Ọkọ Fẹ̀hìntọlá! Ẹ̀yin náà rèé! Ẹ pẹ́ o, ẹ pẹ́ gan-an. Láti ìgbà yìí wá ni mo ti ń wòye pé ṣé bàbá yìí ò ní wá béèrè ni?"

"Ẹ kú ọjà, Alhaja. Kí ni mo fẹ́ béèrè?"

"Ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn Márúwá." Ó ti apẹ̀rẹ̀ kan síwájú fún un pé kó jókòó. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo wà, orí bẹ́ǹṣì iwájú. Iná ti lọ. Àpínkẹ́ ti mú wa dé ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ó fi ohùn ọkùnrin sọ pé, 'Mo pẹ́.' Ó yẹ kí Fẹ̀hìntọlá fèsì, àbí? Obìnrin wo ló máa retí ọkọ tó báyìí tí ò ní sọ̀rọ̀? Àpínkẹ́ ń wá ohun tó máa sọ. Ìgbà yẹn gan-an lẹ yọ sẹ́nu ọ̀nà."

"Èmi?"

"Ta ló tún máa jẹ́? Ẹ gbé ayùn dání. Lẹ́búlẹ́bú pákó bo orí yín, ó bo ìpéǹpéjú yín, àfi bíi pé inú kurukuru lẹ ti jáde lóòótọ́. Làńtánì ń tàn sí yín lára. Àpínkẹ́ wò yín, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mi ò mọ̀ pé obìnrin lè wo ọkọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn. Ó wá sọ ọ́. 'Ẹni tí mò ń retí kò pẹ́. Èmi ni mo tètè dé.' Ẹ̀yin ló sọ ọ́ fún o! Fẹ̀hìntọlá kàn bá yín níbẹ̀ ni."

Muideen bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà," ni Alhaja wí. "Àwọn awakọ̀ ń lu bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yin wò wá bí ọlọ́pàá, ẹ bá tiyín lọ. Láti ọjọ́ yẹn, Àpínkẹ́ ò parí fíìmù yẹn lọ́nà mìíràn mọ́. Bí kò bá sọ ọ́, a ò ní jẹ́ kó jókòó. Àwọn awakọ̀ gbé e lọ sí Ìbàdàn, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin, kò sẹ́ni tó sọ pé Àpínkẹ́ ló wí. Inú fíìmù la sáà ti gbọ́ ọ."

Bàbá Ọláìyá jókòó sórí apẹ̀rẹ̀. Ariwo ọjà ń lọ lókè orí rẹ̀ bí ẹ̀fúùfù lókè igi. Ó rántí ẹ̀rín kan, ní ìrọ̀lẹ́ kan, láti inú yàrá tó ṣókùnkùn; ó rò pé irun rẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Kò rántí làńtánì. Kò rántí ojú ìyàwó rẹ̀. Ó di ojú tirẹ̀, ó wá a nínú òkùnkùn náà, ó rí etí omi, ó rí agbọ̀n, ó rí ẹ̀yìn ọrùn obìnrin, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú, bí ẹni tí ó ní gbogbo àkókò tó wà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ata rodo ta á lójú. Ó yọ áńkáṣíìfù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Alhaja wí. "Ata ni."

"Ata ni," ni Bàbá Ọláìyá wí.

Ní ọjọ́ kejì, ó padà sí Owódé Onírin, ó tẹ́ bébà náà síwájú Bartholomew. "Gbẹ́ ẹ bó ṣe wà."

"Bàbá, mo máa gbẹ́ ẹ, ẹ̀yin lẹ lòkúta. Ṣùgbọ́n wọ́n á sọ pé fíìmù ni o."

"Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ká kọ orúkọ Fẹ̀hìntọlá sísàlẹ̀, kó lè yé wọn?"

"Orúkọ ẹni tó sọ ọ́ ti wà lókè níbẹ̀," ni bàbá náà wí. Kò lọ. Ó jókòó sórí irin kan títí Bartholomew fi parí rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òkúta ń bà lé aṣọ rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n.

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Joanna lórí fóònù. Ọmọ náà ní, "Mummy? Mummy tèmi?" ó sì ní kí bàbá rẹ̀ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò dárúkọ ẹsẹ Bíbélì mọ́.

Ọjọ́ àyájọ́ náà pé, kurukuru ò tíì ká lójú ilẹ̀ tí wọ́n fi dé itẹ́ òkú. Àwọn ará ìjọ kọrin, pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n ká aṣọ funfun kúrò lára òkúta. Àwọn kan wo ara wọn. Àwọn kan wo ilẹ̀. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi ku bàbá àti ọmọ.

Ọkùnrin kan tó ń ro koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti sún mọ́ wọn pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ó kà á sókè, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé.

"Fẹ̀hìntọlá Ẹlẹ́ja! Hà! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òun ni wọ́n sin síbí?"

Joanna yíjú sí i kí bàbá rẹ̀ tó mí. "Ìyá mi ni."

"Ìyá yín ló ṣe Fẹ̀hìntọlá?"

Joanna wo bàbá rẹ̀. Bàbá Ọláìyá ń wo lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, ìrì ti ń sẹ̀ sínú wọn.

"Òun ni," ló wí. "Bí iná bá ti lọ."